Bátìrì Ọkọ̀ Tí A Fi Sílẹ̀ Nígbà Òtútù

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi ìpàdé oṣù kẹwàá ti Ẹ̀ka wa ní Chicago)

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Nígbà tí ó bi mí pé kí ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo sì wí fún un pé bátìrì ọkọ̀ ni, ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tàbí nípa àṣà ilé ni n ó mú wá. N kò bá a jà. Ẹni tí kò bá tí ì dúró nínú òjò dídì ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ó máa yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kò dá a lóhùn, kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ìparí ọdún 2018 mo lọ sílé láti lọ sin bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò. Kí n tó lọ, mo gbé ọkọ̀ mi sí ẹ̀yìn ilé tí a ń gbé, mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kìíní ọdún 2019 ni mo padà dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú yìí nígbà náà kò ní gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, òtútù lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 23 nísàlẹ̀ òdo ti Fahrenheit, èyí tí í ṣe nǹkan bí 31 nísàlẹ̀ òdo ti Celsius. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, èmi ni ó kàn láti gbé bàbá wa kan nínú ẹ̀ka yìí lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ mọ ètò náà: àwa tí a ní ọkọ̀ ni a ń pín ọjọ́ ṣe. Mo yí kọ́kọ́rọ́, n kò gbọ́ ohunkóhun. Àní iná inú ọkọ̀ kò tàn. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ bátìrì ti wú, ó sì ti là. Omi inú rẹ̀ ti di yìnyín.

Mo pe ẹni kìíní. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni, ọkọ̀ tirẹ̀ kò sì jí. Mo pe ẹni kejì. Ó ṣì wà nílé, kò tí ì padà. Ẹni kẹta, arábìnrin wa kan tí kì í lè lọ sílé ní Kérésìmesì nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ni ó gbé ọkọ̀ wá, lẹ́yìn wákàtí méjì tí bàbá ti wọ aṣọ òtútù wọn tí wọ́n sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá rántí bí wọ́n ti jókòó, tí wọn kò tilẹ̀ bá mi wí, ojú a máa tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí bátìrì jẹ́, ohun tí ó ń jẹ, àti ohun tí ó ń pa á.

Bátìrì tí ó wà nínú ọkọ̀ wa kì í ṣe ohun tuntun. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1859, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé rárá. Òjé ni ó fi ṣe é, òjé kan náà tí àwọn olóòṣà wa fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òjé náà sì ni títí di òní. Inú bátìrì pín sí yàrá mẹ́fà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn awẹ́ òjé pẹlẹbẹ dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a sì rì wọ́n sínú ásíìdì tí a fi omi là. Agbára iná tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú wá lé díẹ̀ ní fóòtì 2. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pawọ́ pọ̀, ó di fóòtì 12.6 tàbí 12.7. Nígbà tí a bá ń lo iná inú rẹ̀, ásíìdì a máa wọ ara òjé lọ, èyí tí ó kù a sì máa di omi. Ohun funfun kan bí ẹfun a máa bo ojú òjé náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wá ń ṣiṣẹ́, tí iná sì ń padà wọ inú bátìrì, ohun funfun náà a yọ́ kúrò, ásíìdì a sì padà sínú omi rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró. Bátìrì tí ó kún, ásíìdì inú rẹ̀ le. Òtútù tí yóò mú un dì gbọ́dọ̀ tó bí ìwọ̀n 55 sí 60 nísàlẹ̀ òdo ti Celsius, irú èyí tí Chicago kò rí rí. Ṣùgbọ́n bátìrì tí iná inú rẹ̀ ti tán, omi lásán ni ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́. Nǹkan bí ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo ti tó láti sọ ọ́ di yìnyín. Èyí ni ó ṣe bátìrì mi. Ebi ni ó kọ́kọ́ pa á, kí òtútù tó wá bá a nílẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí léèrè pé, ta ni ó jẹ iná inú ọkọ̀ tí a tì pa, tí ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀? Ọkọ̀ ayé òde òní kì í sùn tán. Aago rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, agogo tí ń dún bí olè bá fọwọ́ kàn án ń ṣọ́nà, ẹ̀rọ tí ń retí kọ́kọ́rọ́ wa láti òkèèrè ń tẹ́tí, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì ń rántí ohun tí ó ní í rántí. Gbogbo wọn pọ̀ lè máa jẹ tó ìdá kan nínú ogún áńpù kan. Ó kéré létí, àbí? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdá kan nínú ogún áńpù, fún wákàtí 24, ó di áńpù 1.2 fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Bátìrì mi jẹ́ irú èyí tí ó lè mú áńpù kan wá fún wákàtí 60 kí ó tó tán. Ọjọ́ 49 ni mo fi wà nílé. Ẹ fi 1.2 lọ́nà 49, yóò fún yín ní 58.8. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ni ó jẹ ara rẹ̀ tán. Ọkọ̀ mìíràn a máa jẹ díẹ̀ ju èyí lọ, òmíràn kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í jẹ.

Kódà bí bátìrì kò bá dì, ìfarapa mìíràn wà. Ohun funfun tí mo sọ pé ó ń bo òjé, bí iná bá tètè padà sínú bátìrì, yóò yọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, yóò gan bí sìmẹ́ńtì tí omi ti kàn, kò sì ní yọ́ mọ́. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi ṣájà sí i láti àárọ̀ di alẹ́, mítà yóò sọ pé ó ti kún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀ kejì, yóò kùn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́. Ìgbà òtútù sì ni ìgbà tí a ń béèrè púpọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo ti Celsius, bátìrì tí ó kún dáadáa kò lè mú ju nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 agbára tí ó ní nígbà ooru wá, bẹ́ẹ̀ ni epo inú ẹ́ńjìnì ti nípọn, tí ẹ́ńjìnì sì le í yí. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín rántí ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ti àtijọ́, tí ọmọ ọkọ̀ a máa fi irin yí níwájú nígbà tí bátìrì bá kọ̀. Irin náà a sì máa ta padà lu ẹlòmíràn lápá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi kíkísítátà oníná sí ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni irin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé, nísinsìnyí kò tilẹ̀ sí ihò tí a ó kì í bọ̀ mọ́. Bátìrì nìkan ni ó kù tí a gbójú lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sílé nínú oṣù kejìlá, ẹ má fi ti ọkọ̀ ṣe ohun tí a ń rántí ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún. Wíwa ọkọ̀ lọ sí ọjà kí a sì padà kò tó láti kún un. Ẹ fi ṣájà sí i ní òru kan. Kí ó sinmi fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, kí ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Mítà náà kò wọ́n, owó oúnjẹ ẹnìkan ní ilé àjẹun ju tirẹ̀ lọ. Bí ó bá sọ 12.6, ó kún. Bí ó bá sọ 12.4, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ti di mẹ́ta. Bí ó bá sọ 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ má fi irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Bí ó bá sì ti wà ní 12 géérégé, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ni ó kù.

Ẹni tí ó bá ní gáréèjì tí iná wà nínú rẹ̀, tirẹ̀ rọrùn. Kí ó ra ṣájà kékeré tí a ṣe fún ọkọ̀ tí ó dúró lójú kan. Kì í ṣe ṣájà àtijọ́ tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró ni mò ń wí. Ìyẹn yóò sè omi inú bátìrì títí yóò fi gbẹ. Ti ìsinsìnyí a máa wo bátìrì, bí ó bá ti kún, a dín iná kù sí bí fóòtì 13.2 sí 13.6, a sì máa fún un ní ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ó rù. A lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, ojú títì ni a ń gbé ọkọ̀ sí. Fún irú wa, ohun tí ó dára jù ni kí a tú bátìrì kúrò lórí okùn rẹ̀, tàbí kí a gbé e jáde pátápátá sínú ilé, sí ibi tí ó tutù díẹ̀ tí ó sì gbẹ, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, orí tí ó ní àmì ìyọkúrò, èyí tí okùn rẹ̀ dúdú, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, òun ni kí ó kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ara irin ọkọ̀ ni ó so mọ́ orí dúdú náà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi sípánà mú orí pupa, tí sípánà náà sì fara kan irin ọkọ̀ níbikíbi, iná yóò là, ó sì lè jó yín lọ́wọ́. Mo ti rí òrùka ìgbéyàwó tí ó pọ́n bí ẹyin iná lọ́wọ́ ẹni tí kò bọ́ ọ kí ó tó fọwọ́ kan bátìrì. Ẹ bọ́ òrùka yín. Kí ẹ tó tú u, ẹ wádìí bí rédíò yín bá ní nọ́ńbà àṣírí tí yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Bí bátìrì yín bá sì wà nínú búùtù, tí iná ni ó ń ṣí búùtù náà, ẹ má tì í kí ẹ tó mọ ọ̀nà tí kọ́kọ́rọ́ irin fi ń ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì wà nínú búùtù, búùtù ń wá iná bátìrì kí ó tó ṣí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Orí bátìrì tí ó bá hu ohun bí èbu funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ fi sódà tí a fi ń ṣe kéèkì po omi, kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi fasilíìnì díẹ̀ pa á. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé a kò gbọdọ̀ gbé bátìrì lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, pé ilẹ̀ yóò fa iná inú rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà kan, igi àti rọ́bà líle ni a fi ń ṣe àpótí bátìrì, ọ̀rinrin ilẹ̀ sì lè ṣe é ní ibi. Ike ni ti ìsinsìnyí. Ẹ gbé e sí ibi tí ó bá wù yín.

Èyí tí ó kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn kan nínú wa a máa bẹ ará ilé pé kí ó máa bá wọn tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò dá iná tí kíkísítátà lò padà tán, ó sì ń kó omi jọ sínú páìpù èéfín. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni pé nítorí òtútù, ẹni náà kò ní fẹ́ ṣílẹ̀kùn gáréèjì. Èéfín ọkọ̀ ní gáàsì kan nínú tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, a kì í mọ̀ pé ó wọlé. Orí a máa fọ ènìyàn, oorun a máa kùn ún, ó sì lè máà jí mọ́. Bí gáréèjì bá sì lẹ̀ mọ́ ilé, gáàsì náà a máa gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọ yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a tì, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ní ẹni tí yóò bá yín ṣọ́ ọkọ̀, kí ó gbé e jáde, kí ó wà á lójú ọ̀nà ńlá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì rí i pé ìwé ìdójútòfò yín gbà á láyè láti wà á.

Bákan náà, bí ẹ bá bá bátìrì tí ó ti dì, tí ikùn rẹ̀ wú, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn fún un níná láti ọkọ̀ mìíràn. Ó lè bẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ yóò sì fọ́n sí yín lójú. Èyí tí kò tilẹ̀ dì, nígbà tí a bá ń fi iná sí i, gáàsì háídírójìn a máa jáde lára rẹ̀, ẹ̀tàn iná kékeré sì tó láti mú un bú gbàù. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹni tí ń mu sìgá jìnnà síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé a ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ọdọọdún wa, àwọn ará ilé yóò sì kà á, wọn yóò ní kí ni ó kàn wọ́n nínú òtútù Chicago. Ó kàn wọ́n. Òtútù a máa fi àìlera bátìrì hàn, ṣùgbọ́n ooru ni ó ń fa àìlera náà. Bí ìwọ̀n ooru bá fi 10 ti Celsius lé sí i, bátìrì tí a kò lò a máa pàdánù iná rẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì, òjé inú rẹ̀ a sì máa tètè jẹrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ ayé rẹ̀ lè dín sí bí ìdajì. Ọkọ̀ tí àwa ará òkè òkun rà sílé, tí a ń wà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kò nílò yìnyín kí bátìrì rẹ̀ tó kú.

N kò lè parí láìmẹ́nu kan ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, tí ẹ̀ka yìí dáwó rà fún ìlú wa. Nígbà tí mo dé ilé kẹ́yìn, abẹ́ igi ni ó wà, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì tì í kí ó tó jí. N kò wá ẹni tí n ó dá lẹ́bi. Iná ìjọba kò dúró, ta ni yóò máa fi ṣájà sí i? Ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan, tí ó ní ẹ̀rọ tí ń dáwọ́ iná dúró bí bátìrì bá ti kún, lè wà lórí òrùlé ọkọ̀ náà kí ó máa bọ́ bátìrì rẹ̀ lójoojúmọ́. Oòrùn kò wọ́n wa nílé. Bí bátìrì náà bá jẹ́ irú èyí tí ó ní ìdérí, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì ni kí rewáyà fi kún un, kì í ṣe ásíìdì. Omi ni ooru ń fà lọ, ásíìdì kì í lọ. Ẹni tí ó bá ń da ásíìdì kún ásíìdì, òjé ni ó ń jẹ run.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, ìwé kan wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹni tí yóò bá lọ sílé láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejì, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ tí yóò lọ àti ọjọ́ tí yóò dé, kí a lè mọ àwọn tí ó kù tí yóò máa gbé àwọn bàbá àti ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Sátidé tí ń bọ̀, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀, n ó wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú mítà, sípánà àti ṣájà méjì. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá. N kò gba owó, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú kọfí gbígbóná dání, n kò ní kọ̀ ọ́.